Ta Ni Lẹ́tà Náà Ń Bá Sọ̀rọ̀? Àwọn Yẹhúdí Nínú Ìwé Àkọ́kọ́ Àwọn Ọmọlẹ́yìn Jésù

   Ìtàn la fẹ́ sọ lálẹ́ òní, a ò wá bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìtàn náà kan ìwé àwọn aládùúgbò wa, àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù, ó sì kan àwọn Yẹhúdí, àwọn tí Bíbélì èdè wa ń pè ní Júù. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni kò sì ní nínú wa, kó fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin náà ti bá irú rẹ̀ pàdé rí. Inú mọ́tò ni o, ibi iṣẹ́ ni o, ẹnì kan á ṣí Bíbélì, á fi ìka lé ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn Júù, á ní ṣé ẹ rí i pé Ọlọ́hun ti kọ àwọn èèyàn yìí sílẹ̀. Mùsùlùmí tó jókòó tì í náà á mi orí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ta ló kọ ọ́ sí, kí ló sì fa ọ̀rọ̀.

Àwọn àáfà wa ní àṣà kan tó dára. Bí wọ́n bá fẹ́ túmọ̀ gbólóhùn kan nínú Àlùkùránì, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí sábàbí rẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ta ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ìlú wo ni wọ́n wà? Irú ìbéèrè kan náà la fẹ́ bi ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù. Ohun tí a rí níbẹ̀, kí á tètè sọ ọ́, ni pé ìjà inú ilé kan ṣoṣo ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ọmọ ìyá ń bá ọmọ ìyá jà. Nígbà tó yá, àwọn ará ìta jogún ìwé yẹn, wọ́n sì ń kà á bí ẹni pé ìjà ilé méjì ni. Ẹ̀mí tó bá kíkà yẹn lọ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà, torí pé lẹ́tà ló kọ́kọ́ wà. Ẹni tó bá ṣí Májẹ̀mú Titun á bá ìwé Mátíù níwájú, á rò pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ló ṣáájú. Nǹkan bí ọdún 50 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó kọ ti àwọn ará Tẹsalóníkà, nǹkan bí ọdún 57 ló kọ ti àwọn ará Róòmù. Ìwé Máàkù, tí ọ̀pọ̀ wọn kà sí àkọ́bí nínú ìwé ìyìn rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó nǹkan bí ọdún 70 kó tó jáde.

Ta wá ni Pọ́ọ̀lù yìí? Nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Fílípì ó ka oríkì ìdílé rẹ̀: ọmọ Ísírẹ́lì lòun, ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n kọ òun ní ilà, Farisí lòun ní ti òfin. Lóòótọ́, ó ní òun ka gbogbo èyí sí òfò nítorí Kristi, bẹ́ẹ̀ ló sì sọ̀rọ̀ níbòmíràn nípa ìgbé ayé òun àtijọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó béèrè nínú lẹ́tà sí Róòmù bóyá Ọlọ́hun ti ta àwọn èèyàn rẹ̀ nù, èsì tó fọ̀ ni pé rárá o, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ọmọ Ísírẹ́lì lòun náà. Kò sọ pé òun ti jẹ́ ẹ rí. Ohun mìíràn tó yẹ kí á mọ̀ ni pé orúkọ náà "Kristẹni" kò sí nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló wà nínú gbogbo Májẹ̀mú Titun, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ẹ̀ẹ̀kan nínú lẹ́tà kìíní Pétérù. Ẹni tó bá ń sọ pé Pọ́ọ̀lù kúrò nínú ẹ̀sìn Júù bọ́ sínú ẹ̀sìn Kristẹni ń wọ ẹ̀wù fún un tí wọn ò tíì rán.

Ìjà tó lókìkí jù nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀ ní Áńtíókù, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Síríà àtijọ́, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì báyìí. Orí kejì lẹ́tà sí àwọn ará Gàlátíà ló wà. Oúnjẹ ló dá a sílẹ̀. Pétérù wá sí Áńtíókù, ó ń bá àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Yẹhúdí jẹun pọ̀, kò sí wàhálà. Ni àwọn kan bá dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù ní Jerúsálẹ́mù. Bí wọ́n ṣe dé, Pétérù fà sẹ́yìn, kò bá wọn jókòó mọ́. Àwọn Yẹhúdí tó kù tẹ̀ lé e, títí kan Bánábà tí í ṣe ọ̀rẹ́ Pọ́ọ̀lù tímọ́tímọ́. Inú bí Pọ́ọ̀lù. Ojú gbogbo èèyàn ló ti kò ó lójú, kò pè é sí kọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo àwọn tó ń jà. Yẹhúdí ni Pétérù. Yẹhúdí ni Jákọ́bù. Ọmọ Léfì láti Sípírù ni Bánábà. Pọ́ọ̀lù, ẹ ti gbọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó béèrè bóyá kí Yẹhúdí fi òfin Ànábì Mùsá sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni ẹni tó ti ìta wọlé: ṣé dandan ni kó kọlà kó tó lè bá wa jókòó jẹun? Ẹ̀bá ilé ni ọ̀rọ̀ wà, ní ẹnu ọ̀nà. Ìwé Ìṣe tilẹ̀ sọ pé Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ Tímótì nílà, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yẹhúdí. Ìwé kan náà ló sọ pé nígbà tó padà dé Jerúsálẹ́mù, Jákọ́bù fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yẹhúdí onígbàgbọ́ hàn án, tí gbogbo wọn ní ìtara fún òfin, Pọ́ọ̀lù sì bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin lọ sí Tẹ́ńpìlì láti ṣe ìwẹ̀nùmọ́. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bí gbogbo èyí ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ kò rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ ìkọlà yìí ni Yorùbá ti lè kọjá lórí ìtàn láì mọ̀. Nílẹ̀ wa, ta ni kì í dábẹ́ fún ọmọkùnrin? Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ oníṣẹ̀ṣe, ọwọ́ olóòlà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá kó tó di pé ilé ìwòsàn ń ṣe é. Nítorí náà bí a bá ka "ìkọlà" nínú Bíbélì, a ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ni wọ́n ń jà sí? Ẹ jẹ́ kí á fi ara wa sí ipò wọn. Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ka ilà yẹn sí ohun ẹ̀gàn, bẹ́ẹ̀ ìhòòhò ni ọkùnrin ń wà níbi ìwẹ̀ àti ibi eré ìdárayá wọn. Àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n ń sọ fún pé kó wá sábẹ́ ọ̀bẹ. Lójú Yẹhúdí, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe àṣà lásán, májẹ̀mú Ànábì Ìbúráhímù ni, àwọn baba wọn ti kú nítorí rẹ̀. Àwọn ará Gàlátíà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí kì í ṣe Yẹhúdí, ó sọ ọ́ ní orí kẹrin pé òrìṣà ni wọ́n ń sìn tẹ́lẹ̀. Àwọn ló ń sọ fún pé kí wọ́n má gbà kí ẹnikẹ́ni kọ wọ́n nílà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún àlejò ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá gbé lé onílé lórí.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 49, gẹ́gẹ́ bí orí 15 ìwé Ìṣe ti sọ ọ́, parí sí pé kí wọ́n má di ẹrù wúwo lé àwọn àlejò lórí. Kí wọ́n ṣáà yẹra fún ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà, fún ẹ̀jẹ̀, fún ẹran tí wọ́n lọ́ lọ́rùn pa, àti fún àgbèrè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí kì í wọ ìkòkò Mùsùlùmí, ẹ ò ní nílò kí á túmọ̀ èyí fún yín. Èèwọ̀ yìí bá ohun tí Tàórátà là sílẹ̀ fún àjòjì tó bá ń gbé láàrin Ísírẹ́lì mu. Èyí ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ìta pàápàá, inú ìwé Ànábì Mùsá ni wọ́n ti wá kọ́kọ́rọ́.

Gbólóhùn kan wà tí Pọ́ọ̀lù máa ń lò, "iṣẹ́ òfin", tó ní kì í ṣe òun ló ń sọ èèyàn di olódodo. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn ò rí ibòmíràn tí Yẹhúdí ìgbà náà ti lo gbólóhùn yẹn, ni kálukú bá ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Nígbà tó di ọdún 1947 àti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí ìwé awọ àtijọ́ nínú ihò àpáta ní Kumuráánì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Lára wọn ni ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde pátápátá ní ọdún 1994, èyí tí ẹgbẹ́ Yẹhúdí kan kọ sí ẹlòmíràn kí wọ́n tó bí Ànábì Ìsá. Gbólóhùn yẹn gan-an wà níbẹ̀, ní èdè Hébérù. Kí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ òfin? Ọ̀rọ̀ ẹbọ àti ìmọ́tótó ni. Bí o bá ń da omi láti inú ohun èlò tó mọ́ sínú èyí tí kò mọ́, ṣé àìmọ́ yẹn gun orí omi tó ń ṣàn padà sókè? Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí àwọn àáfà ti ń jiyàn lórí omi àlùwàlá kò ní rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn òfin ni, wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe pa á mọ́ dáadáa. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti jáde wá.

Kí ló wá yí i padà? Ogun ni, lẹ́yìn náà owó orí. Ní ọdún 70 àwọn ọmọ ogun Róòmù sun Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù níná. Késárì Vespasian wá pàṣẹ pé owó tí àwọn Yẹhúdí ń dá fún Tẹ́ńpìlì lọ́dọọdún, kí wọ́n máa san án báyìí fún ojúbọ Jupiter ní Róòmù. Gbogbo Yẹhúdí ibi gbogbo ló kàn, tọmọdé tàgbà. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ta ni Yẹhúdí, ta ni kì í ṣe Yẹhúdí, ti wá di ọ̀rọ̀ àwọn agbowó orí. Suetonius, òǹkọ̀wé Róòmù, sọ pé nígbà ìjọba Domitian òun rí i bí wọ́n ṣe bọ́ aṣọ lára bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún níwájú èrò ilé ẹjọ́ láti wò ó bóyá ó kọlà. Ẹni tó gba Jésù gbọ́ tí kì í ṣe Yẹhúdí wá ní ìdí tó ṣe gúnmọ́ láti jìnnà sí orúkọ náà. Nígbà tí ogun kejì jà ní Jùdíà láti ọdún 132 sí 135, tí Róòmù lé àwọn Yẹhúdí kúrò ní Jerúsálẹ́mù, àlàfo tó wà láàrin wọn tún fẹ̀ sí i.

Ẹ̀yìn ìparun Tẹ́ńpìlì yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n kọ ìwé Mátíù àti ìwé Jòhánù. Ojú iná yẹn ló yẹ kí á fi kà wọ́n. Níbi tí Mátíù ti ní àwọn èrò kígbe pé kí ẹ̀jẹ̀ Jésù wà lórí àwọn àti àwọn ọmọ àwọn, ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ ohun tó dé bá àwọn ọmọ náà, ìran kan ṣoṣo, nínú ìdótì ọdún 70. Ó ń wá ìdí tí ìlú fi jó, gẹ́gẹ́ bí àwọn wòlíì Ísírẹ́lì ti ń bá ìlú tiwọn wí láti ìgbà Jeremáyà. Kò sí níbẹ̀ pé kó máa lọ láti ìran dé ìran títí ayé.

Ti Jòhánù tún le sí i, torí pé ó ń pe àwọn alátakò ní "Júù" ṣáá. Orí keje sọ pé Jésù ń rìn ní Gálílì, kò fẹ́ rìn ní Jùdíà, nítorí àwọn Júù ń wá a láti pa. Àwọn tó wà ní Gálílì ńkọ́, kí ni wọ́n? Júù náà kọ́! Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ lè túmọ̀ sí ará Jùdíà, ó sì lè túmọ̀ sí Yẹhúdí níbikíbi. Ẹni tó bá mọ ìtàn orúkọ tiwa yóò tètè lóye. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ará Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú bá sọ pé "Yorùbá", Ọ̀yọ́ ló sábà ń ní lọ́kàn. Bí àgbà Ìjẹ̀bú kan láyé ọjọ́un bá sọ pé Yorùbá ló gbógun tì wá, tí ọmọ òyìnbó kan ka èyí lónìí, tó wá kéde pé Ìjẹ̀bú kórìíra gbogbo ẹ̀yà Yorùbá, ṣé ẹ ò ní bú sẹ́rìn-ín? A ò sọ pé èyí yanjú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Jòhánù. Orí kẹjọ rẹ̀ korò, kò sí bí a ṣe lè da oyin sí i. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá korò, kò túmọ̀ sí pé àlejò ló ń jà á.

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀bẹ gé ìwé náà kúrò lára àwọn Yẹhúdí pátápátá ni Marcion, ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Sinope, ní etí Òkun Dúdú. Olówó ni. Ó wá sí Róòmù, ó ta ìjọ ibẹ̀ lọ́rẹ 200,000 sesterce. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ọlọ́hun méjì ló wà: èyí tó dá ayé, tó fún àwọn Yẹhúdí ní òfin, àti èyí tó jẹ́ baba Jésù, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. Nítorí náà ó ju gbogbo ìwé àwọn wòlíì Ísírẹ́lì nù, ó mú ìwé ìyìn rere kan ṣoṣo, irú ti Lúùkù, àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ní ọdún 144 ìjọ Róòmù lé e jáde, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Kí á má parọ́, ìwúrí ni èyí. Ìjọ mélòó ló ń dá owó olówó padà? Wọ́n di Tàórátà àti Sàbúrà mú, wọ́n ní Ọlọ́hun kan ṣoṣo ló sọ gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn ló tibẹ̀ yọ. Bí o bá ní ìwé yẹn ṣì jẹ́ tìrẹ, kí lo fẹ́ ṣe sí àwọn tó ni ín? Justin, ará Neapolis ní Samáríà, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 160 níbi tí ó ti ń bá Yẹhúdí kan tó ń jẹ́ Trypho sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un láìfi bò pé ìwé mímọ́ náà kì í ṣe tiyín mọ́, tiwa ni. Lọ́wọ́ kan náà, ó gbà pé Yẹhúdí tó bá gba Jésù gbọ́ tó sì ń pa òfin mọ́ lè rí ìgbàlà, bí kò bá ti fi ipá mú ẹlòmíràn, ó sì fi kún un pé àwọn kan nínú ìjọ kò gbà pẹ̀lú òun. Títí di ìgbà náà, ilẹ̀kùn kò tíì tì pa.

Ẹ jẹ́ kí á tún padà sí Áńtíókù, ìlú tí Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ti jà. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ọdún 386 àti 387 ni, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Chrysostom, tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ń wàásù lòdì sí àwọn Yẹhúdí. Ìwàásù mẹ́jọ ló kù sí wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ inú wọn kò ṣeé tún sọ lálẹ́ ààwẹ̀. Kí ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ni! Wọ́n ń lọ sí sínágọ́gù bí ọdún àwọn Yẹhúdí bá dé, wọ́n ń lọ gbọ́ fèrè, wọ́n ń bá wọn gbààwẹ̀. Ó sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń fi ipá fa obìnrin onígbàgbọ́ kan lọ sí sínágọ́gù kó lọ búra níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wọn. Nígbà tó bi í pé kí ló dé, ọkùnrin náà ní àwọn èèyàn sọ fún òun pé ìbúra ibẹ̀ ló ń ba èèyàn lẹ́rù jù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tó ń fi Àlùkùránì tàbí Bíbélì búra láìmikàn, tí wọ́n bá gbé irin Ògún jáde tí ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ mọ irú ọkùnrin yẹn. Ìwàásù yẹn jẹ́rìí lòdì sí ẹni tó wà á: àwọn mẹ̀kúnnù Áńtíókù ò tíì mọ̀ pé ẹ̀sìn méjì tó kórìíra ara wọn làwọn ń ṣe.

Ohun tí Chrysostom sọ láti fi dá àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ dúró ni àwọn tó wá lẹ́yìn gbé kúrò ní ibi tó wà, tí wọ́n sì fi lu àwọn Yẹhúdí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1096, nígbà ogun àgbélébùú àkọ́kọ́, àwọn jàǹdùkú ya wọ Speyer, Worms àti Mainz lẹ́bàá odò Rhine, wọ́n pa àwọn Yẹhúdí, wọ́n ní àwọn ń gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ Jésù. Martin Luther kọ ìwé rere kan ní 1523 láti rán àwọn èèyàn létí pé Yẹhúdí ni wọ́n bí Jésù. Ní 1543 òun kan náà kọ òmíràn tó ní kí wọ́n máa sun sínágọ́gù wọn. Ní 1939 àwọn kan nínú ìjọ Jámánì dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Eisenach láti fọ ẹ̀sìn wọn mọ́ kúrò lára ohunkóhun tó jẹ́ ti Yẹhúdí, wọ́n sì tẹ Májẹ̀mú Titun tí wọ́n ti gé bẹ́ẹ̀ jáde ní 1940. Ọ̀bẹ Marcion tí ìjọ Róòmù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 144 ló tún jáde yẹn. Àwa ò sọ pé ìwé nìkan ló pa àwọn tí Hitler pa. Òṣèlú wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ìlara wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí, àwọn oníwàásù ti ro ó fún wọn tipẹ́tipẹ́.

Jules Isaac jẹ́ òpìtàn ní ilẹ̀ Faransé, Yẹhúdí ni. Ìwé ìtàn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ń kà kí ìjọba Vichy tó yọ ọ́ níṣẹ́ ní 1940. Ní 1943 wọ́n wá kó àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà tí òun ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kú sí Auschwitz. Bàbá yìí ń sá kiri, síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn ìwé ìyìn rere, ó ń kà wọ́n ní èdè Gíríìkì, ó ń fi ohun tó wà níbẹ̀ wé ohun tí àwọn àlùfáà sọ pé ó wà níbẹ̀. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde, tó dá lórí Jésù àti Ísírẹ́lì, jáde ní 1948. Ní oṣù kẹfà ọdún 1960, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó lọ bá Póòpù John kẹtàlélógún ní Róòmù, ó ní kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ pé ikú Jésù kò ṣeé kà sí gbogbo Yẹhúdí ìgbà náà lọ́rùn, áńbọ̀sìbọ́sí ti òde òní. Ìwé kan náà yẹn ló ní apá tó sọ̀rọ̀ rere nípa àwọn Mùsùlùmí. Isaac ti kú ní 1963, kò fojú rí i.

Àwọn onímọ̀ náà kò sùn. Krister Stendahl, ará Sweden, kọ ọ̀rọ̀ kan ní 1963 pé ẹ̀rí ọkàn tó ń da Luther láàmú ni wọ́n ń kà mọ́ Pọ́ọ̀lù lára. Ohun tó kan Pọ́ọ̀lù ni bí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù yóò ṣe wọlé. E. P. Sanders wá ṣe ìwé ńlá ní 1977, ó ka ìwé àwọn Yẹhúdí ìgbà náà fúnra wọn, ó fi hàn pé wọn ò rò pé iṣẹ́ ni àwọn fi ń ra ojúure Ọlọ́hun. Májẹ̀mú ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan kò gbà fún un títí dòní, wọ́n ní Luther ṣì mọ ohun tó ń sọ. Àwọn mìíràn lọ jìnnà ju Sanders lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé Pọ́ọ̀lù kò bá Yẹhúdí kankan jà rárá. Ní tiwa, a rò pé Stendahl fọwọ́ kan ibi tó ń dunni, ṣùgbọ́n a ò lè bá àwọn ìkẹyìn yìí lọ. Pọ́ọ̀lù jà. Ó jà gan-an, orí kejì lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Tẹsalóníkà le koko.

Ó ku ọ̀kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára apá tó kọ́kọ́ jáde, ní 1850. Gbogbo Bíbélì kò parí títí di 1884. Ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí pọ̀ nínú Bíbélì Yorùbá, torí pé àwọn Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́: àlùfáà, wòlíì, ìwàásù, gbogbo rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa kọjá. Níbi tí Pọ́ọ̀lù bá ti ń sọ̀rọ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe Yẹhúdí, ohun tí Bíbélì Yorùbá pè wọ́n ni "Kèfèrí", ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí kò gba Ọlọ́hun gbọ́. Ní Gíríìkì, "àwọn orílẹ̀-èdè" lásán ni. Ará Abẹ́òkúta tó bá kà á kò lè rò pé òun ni wọ́n ń bá wí, kèfèrí ni ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bọ òrìṣà.

Bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo orí 11 lẹ́tà yẹn. Pọ́ọ̀lù mú igi ólífì kan wá. Wọ́n ti gé àwọn ẹ̀ka kan lára rẹ̀, wọ́n sì mú ẹ̀ka igbó wá so mọ́ ọn, tó ń mu oje láti ara gbòǹgbò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀ka igbó yẹn, ó dárúkọ rẹ̀ pé ẹ̀yin Kèfèrí ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe fọ́nnu sí àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé, torí pé Ọlọ́hun lè tún wọn so padà sórí igi tí í ṣe tiwọn. Ẹni tó ń fi ìka lé ẹsẹ Bíbélì nínú mọ́tò, tó ní Ọlọ́hun ti kọ àwọn Júù, òun gan-an ni orí náà dárúkọ, ó sì ti wà níbẹ̀ ní Yorùbá láti 1850.